Tábìlì Ooru

Iná ni mo ń fẹ́ nígbà tí fóònù dún, tí Bọ̀dá Sètónjì, ẹ̀gbọ́n mi, pè láti yunifásítì. Igi ìdáná ọjọ́ náà tutù, èéfín ti sọ ojú mi di pupa, oje àgbọn tí Ìyá Àgbà fún láàárọ̀ sì wà nínú agbada, ó ń wò mí, kò tíì ronú àtihó. Ilé tí wọ́n ti ń se òróró àgbọn ni wọ́n bí mi sí ní Kankon, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ariwo tí mo sì kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti àgbọn tí wọ́n ń rin. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, láti ìdájí. Lẹ́yìn náà ni agbada yóò gba ọ̀rọ̀ sọ: á kọ́kọ́ máa hó kútú-kútú, bí omi inú rẹ̀ bá ti ń tán lọ á máa ta pàrà-pàrà, lẹ́yìn náà á dákẹ́, òróró á sì jókòó sókè bí ẹni tó ni ilé. Títí di òní tí mo ti ń se tèmi, ìdákẹ́ yẹn ni mo máa ń dúró dè. Iṣẹ́ tèmi nígbà náà ni iná fífẹ́, nítorí wọ́n ní n kò ní sùúrù àgbọn rírin, wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni mo fi ń fẹ́ ẹ lọ́dún náà. Èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sí ìtàn, nọ́ńbà ni láti òkè dé ilẹ̀, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni pé èèrà ló rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó le, ó sì fẹ̀, kò sí abẹ̀bẹ̀ tó tó o nílé wa. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn. Èmi tí mo dì í mú kò fi í sọ́kàn.

Kí n tó sọ ohun tó wí lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ wàhálà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bọ̀dá Sètónjì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tó jẹ mọ́ kẹ́míkà. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, tí mo ṣubú gbalaja nínú físíìsì, ni mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí náà ẹ rọra gbà á. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé omi kì í kàn ṣe omi. Bí o bá gbé e kaná lásán, ibì kan wà tí yóò ti hó. Bí o bá dé e pa, tí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, yóò gbóná kọjá ibẹ̀, kò sì ní hó. Bí o bá wá ṣí i lójijì, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sọ ara rẹ̀ di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ wà nítòsí. Àwọn kan ti jókòó, wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti tò ó sínú ìwé: bí omi bá gbóná tó báyìí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó báyìí, iye agbára tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Kóòsì tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní Tamodainámíìsì. Òun ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lulẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún un pé bí ó bá tún fi lè gbé e lulẹ̀, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ẹ̀ka náà. Ibi tó le jù fún un nínú kóòsì náà ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ńtírópì.

Nígbà tó wá lo ìsinmi nílé, kò jẹun bí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá wa, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gùn pọ́ńbélé, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń gba Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kejì, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá ti fi ẹja àti àkàsà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àìsàn ni.

"Kí ló ń ṣe ọ́, Sètónjì?"

"Ẹ́ńtírópì ni, Ìyá. Òun ló ń dà mí láàmú. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ ọ́n dájú."

Ìyá Àgbà gbé ìgbákọ sílẹ̀. "Ọmọ ilé ta ni?"

"Kì í ṣe èèyàn, Ìyá."

"Ohun tí bàbá ìyá rẹ náà wí nìyẹn. Ṣé ọmọ Àjàṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní gbogbo ìsinmi yẹn, bí ó bá ń gbàdúrà láàárọ̀ kí a tó máa rin àgbọn, a máa ń gbọ́ ọ: "Máwù, gba ọmọ mi lọ́wọ́ Ẹ́ńtírópì." Àmín tí mo ń ṣe sí i máa ń le ju ti gbogbo èèyàn lọ, nítorí èmi náà ti kórìíra ọmọbìnrin náà.

Ẹ̀gbẹ́ iná ni Bọ̀dá Sètónjì máa ń jókòó kàwé, lórí àpótí, ìwé nọ́ńbà yẹn lórí itan rẹ̀. Ìwé nọ́ńbà ló ń pè é fún mi; kò pè é ní orúkọ mìíràn létí mi rí. Ọjọ́ kan ó ní kí n wá, ó fi ìka sí àárín ìlà méjì. Ó ní, "Sẹ̀námì, nígbà mìíràn nọ́ńbà tí o ń wá kì í sí nínú ìwé. Má sunkún. Wo èyí tó wà lókè, wo èyí tó wà nísàlẹ̀, kí o wá bá a láàárín wọn." Mo ní ó yé mi. Mo tilẹ̀ rí ìlò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: mo mọ bí Ìyá Àgbà ṣe ń bínú tó bí mo bá fọ́ àwo kan, mo mọ bó ṣe ń bínú tó bí mo bá fọ́ mẹ́ta, nítorí náà mo lè ṣírò ti méjì láìjẹ́ pé mo fọ́ wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá gba ààyè òun ní yunifásítì fún mi. Mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, títí ìwé èsì ìdánwò tèmi fi dé.

Ọjọ́ tí yóò padà, ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì, ó kó ìwé rẹ̀ wàrà-wàrà sínú báàgì. Èyí tó gbé sórí òkìtì igi ìdáná kò rí. Èmi rí i. Bí mo ti rí i tí èèpo rẹ̀ ya, tí kò ní orúkọ lára, mo ní ó ti lò ó tán ló ṣe fi í sílẹ̀ fún wa. Bó ṣe di abẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ojú ewé kan tiẹ̀ wà tí mo ya fi ṣáná.

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa nígbà náà, kì í sì í gbé inú ilé. Ara igi àgbọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Bàámi so ó mọ́ nínú ọ̀rá, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé, ìyẹn bí kò bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kejì ló wọlé. Mo sáré lọ, mo sì mú abẹ̀bẹ̀ mi dání.

"Sẹ̀námì, Bàámi dà?"

"Wọn ò tíì dé láti iléèwé, Bọ̀dá mi. Ẹ kú ìgbà díẹ̀."

"Gbọ́ dáadáa. Sọ fún wọn pé mo ń fẹ́ stíìmù tébù mi. Stíìmù tébù! Kò sí ẹni tó máa wọ yàrá ìdánwò Tamodainámíìsì láìsí tirẹ̀, a kì í yá ara wa, mo sì ti wá a títí, kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á níbí. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wà lórí..."

Ibi "ó wà lórí" yẹn ni ẹ̀rọ gé e sí. Mo dúró lábẹ́ igi àgbọn pẹ̀lú stíìmù tébù lọ́wọ́, mo ń fi í lé eṣinṣin, mo sì ń tún orúkọ rẹ̀ pè kí n má baà gbàgbé.

Bàámi ni tíṣà. Ará Èkìtì ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Àgbádárìgì, ìyá wa ló sì dá a dúró síbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n mú wá bá a tí kì í sọ di ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ tán, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kí n dìde dúró.

"Dáíníǹgì tébù?"

"Tábìlì ìjẹun, sà."

"Rídíǹgì tébù?"

"Tábìlì ìkàwé, sà."

"Kí wá ni stíìmù?"

"Ooru, sà!"

"Nítorí náà?"

"Tábìlì ooru, sà!"

"Jókòó. O gbà á." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún wí pé olúkúlùkù ló ń gbé tirẹ̀ wọ yàrá ìdánwò. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun gan-an ló sì kó wa sí ìrònú: báwo ni wọn yóò ṣe gbà á wọlé lẹ́nu ilẹ̀kùn? Bàámi ní kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Ó ní kí òun kọ́kọ́ pe Sètónjì náà kí ó là á yé òun. Ó pè, obìnrin kan gbé e, ó ń sọ Faransé kíá-kíá. Bàámi gbé fóònù sí etí Ìyá Àgbà.

"Kí ló wí, Ìyá?"

"Ó ní kò sí níbẹ̀."

"Níbo ló lọ?"

"Kò wí."

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, Bàámi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sùúrù, kápẹ́ńtà tó wà ní oríta Mowo, Ìyá Àgbà sì ní òun náà ń bọ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ooru ti kọjá ohun tí ọkùnrin méjì lè dá sọ. Bàbá Sùúrù fi pẹ́ńsù họ orí. Ó ní, "Tíṣà, irú ooru wo?" Kí Bàámi tó dáhùn, Ìyá Àgbà ní, "Ooru ìkòkò. Èyí tó ń bó tábìlì lára." Bàbá Sùúrù ní a jẹ́ pé fọ́mékà ni yóò wà lójú rẹ̀ nìyẹn, fọ́mékà ò ka ooru sí. Ìyá Àgbà ní kí ó la ojú àgbàrá yí etí rẹ̀ ká, kí omi tí ooru bá sun má baà dà sórí ìwé ọmọ òun. Bàbá Sùúrù ní irú rẹ̀ kò sí rí. Ìyá Àgbà ní kí ó ṣe é, kó lè wà. Fún gíga rẹ̀, ó wọn orúnkún mi, ó wọn ti Bàámi, ó sì mú ti Sètónjì sí àárín. Mo yí sí Bàámi, mo ní, "Bàámi, wọ́n ti ka ìwé nọ́ńbà." 

Tábìlì náà dára. N kò ní parọ́ mọ́ ọn nítorí pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní òwúrọ̀ tí Bàámi fẹ́ gbé e lọ, Bàbá Sùúrù fúnra rẹ̀ wá dì í, ó ní okùn yóò ha fọ́mékà, kí n wá nǹkan tó nípọn fi sábẹ́ okùn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rí àkísà sí mẹ́ta. Igun kẹrin kò rí nǹkan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo abẹ̀bẹ̀ mi. Mo tì í bọ abẹ́ okùn, ó sì bá a mu bí ẹni pé wọ́n wọn ọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ gbé tábìlì lọ lórí ní oríta Mowo tí Bàámi sì ń fi ọwọ́ dì í mú lójú fèrèsé bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló so ó ró, mo padà sílé, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀: "Abẹ̀bẹ̀ mi dà? Sẹ̀námì, abẹ̀bẹ̀ mi dà?" Ẹnu ni mo fi fẹ́ná lọ́jọ́ náà títí òróró fi jókòó.

Èmi kò sí níbi tí tábìlì náà gúnlẹ̀ sí. Ohun tí Bàámi sọ wà níbí, ohun tí Bọ̀dá Sètónjì sọ wà lọ́hùn-ún. Èmi tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná wá mú àárín wọn. Bàámi ní bí ọmọ náà ṣe rí tábìlì, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Sètónjì ní òun kò lè sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ní Bàámi dúró ní kọ̀rídọ̀ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òógùn bò ó, eruku títì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Stíìmù tébù rẹ nìyí. A la ojú àgbàrá sí i." Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá yọjú, wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo Bàámi, wọ́n sì yáa padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Bọ̀dá mi ní òun rò ó wò: ìdánwò di ọ̀túnla, ìwé kò sí, bàbá òun gbé igi láti Kankon kọjá Ìbàdàn. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Bí ó ti dọ̀bálẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Bàámi sì ń tú okùn lórí rẹ̀. Okùn igun kẹrin tú. Nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀ níwájú imú rẹ̀, ó ń rùn èéfín àti òróró àgbọn.

Igbe tó ké mú gbogbo ilé náà jáde. Ó fò sókè, ó gbá Bàámi mọ́ra, ó ń jó, ó ń pariwo "Stíìmù tébù! Stíìmù tébù mi!" Bàámi fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní, "Mo mọ̀ pé yóò tẹ́ ọ lọ́rùn. Fọ́mékà gidi ni."

Kò lè sọ fún un. Èmi ló pè, lábẹ́ igi àgbọn. Ó ní, "Sẹ̀námì, ìwọ lo fi ìwé nọ́ńbà yẹn sábẹ́ okùn?" Mo ní, "Ẹ̀n, Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, Ìyá Àgbà ń bínú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kíá-kíá débi pé mo kọ́kọ́ rò pé Faransé ti wọlé. Ó ní ìwé nọ́ńbà yẹn gan-an ni stíìmù tébù. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo ní, "Bàámi ńkọ́? Tábìlì ńkọ́?" Ó ní a kò gbọdọ̀ wí i. Ìyá Àgbà nìkan ni mo sọ fún, mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn rú agbada, ó sọ ohun tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan, ìbáà jẹ́ ikú, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó: "Jẹ́ kó hó ná."

Ìdánwò dé. Olùkọ́ tó ń yẹ ìwé wọn wò lẹ́nu ilẹ̀kùn gbé ti ẹ̀gbọ́n mi sókè, etí rẹ̀ ti jó, àbàwọ́n òróró sì ti mú kí ojú ewé kan máa fi èkejì hàn.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Àbúrò mi ló fi ń fẹ́ná, sà."

"Ó kéré tán, ẹnì kan nílé yín ti lò ó fún ohun tó gbóná. Wọlé."

Ìbéèrè tó tóbi jù lọ níbẹ̀, ojú ewé tí wọ́n ti gbọdọ̀ wá ìdáhùn rẹ̀ ni ojú ewé tí mo fi ṣáná. Bọ̀dá mi wá a títí, kò rí i. Ó ní ẹ̀rù ba òun débi pé òun ń gbọ́ bí agbada Ìyá Àgbà ṣe ń ta pàrà-pàrà létí. Ó wá wo èyí tó ṣáájú ojú ewé náà, ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì bá a láàárín. Ó kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ni ó gbà kọjá, bí ẹni tó ń yọ́ gba ẹ̀yìn àga, ṣùgbọ́n ó kọjá, wọn kò sì lé e mọ́.

Bàámi kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ oyè. Fún gbogbo ọdún yẹn, àlejò kan kì í wọlé wa kí ó má sọ fún un bí òun ṣe gbé stíìmù tébù dé yunifásítì, èmi á sì máa wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ gbé yàrá ló tú u, ó rò pé Bàámi ti mọ̀.  Bàámi wo Sètónjì, ó wo mí, ó fọwọ́ ti òpó, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá tó lọ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ojú tíṣà tún padà sójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. Bí kò bá sí tábìlì, kí ni ìwé ì bá wọ̀ dé ibẹ̀?" 

Ọ̀dọ̀ mi ni tábìlì náà wà báyìí, nílé wa ní Mowo. Ọmọ mi, Ìrètí, ló ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí rẹ̀, ojú àgbàrá Ìyá Àgbà ló sì ń tò pẹ́ńsù sí. Bọ̀dá Sètónjì yà wá wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìrètí bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ wọn, ó sì fa kẹ́túlù mi sún mọ́ ara, ó bẹ̀rẹ̀: omi, ooru, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá ṣí i. Ọmọ náà ń mi orí bí alángbá. Èmi náà ń mi tèmi. Nígbà tó lọ tán, Ìrètí wá bá mi nídìí agbada, ó fẹnu sí mi létí bí ẹni pé àwọn àgbọn ń gbọ́ wa.

"Màámi, ṣé gbogbo ohun tí Ańkù sọ yẹn yé yín?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè ṣe é.

"Kò yé mi o, Ìrètí," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mo ti fi fẹ́ná rí."